Odidi Ọgbà Lọ́dún Kan, Ọkọ̀ Kan Lọ́dún Mẹ́fà

Bí ẹ bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn olólùfẹ́ ọgbà ìgbafẹ́ Disney, kò dìgbà tí ẹ bá bú baba ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà dárúkọ ọdún méjì: 1955 àti 2023. Kí ẹ tó jókòó, agbo á ti pín sí méjì, ohùn á ti ròkè.

Ní oṣù Keje ọdún 1954, oko ọsàn ni ilẹ̀ tí Walt Disney rà ní Anaheim, ìpínlẹ̀ California. Wọ́n hú igi ọsàn, wọ́n gbẹ́ odò, wọ́n kọ́ ààfin, wọ́n sì tẹ́ ojú irin yí gbogbo rẹ̀ ká. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1955, wọ́n ṣílẹ̀kùn Disneyland. Owó tó bá iṣẹ́ náà lọ jẹ́ mílíọ̀nù 17 dọ́là. Odidi ọgbà, ọdún kan péré.

Ní oṣù Keje ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ kan náà kéde pé òun máa kọ́ TRON sí Magic Kingdom, ọgbà rẹ̀ tó lókìkí jù ní Florida. Rólà kósítà ni TRON, ọkọ̀ orí irin tí ń fi eré burúkú gun òkè tí ń já wálẹ̀. Ńṣe ni ẹni tó wọ̀ ọ́ máa ń tẹ̀ síwájú bí ẹni gun alùpùpù. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú kàn. Irú rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní Shanghai láti ọdún 2016. Síbẹ̀, ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 2023 ni wọ́n tó ṣí ti Florida. Ó ku oṣù díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́fà. Ẹni tó bá sì wọ ọkọ̀ náà, ìṣẹ́jú mẹ́ta kì í pé tí á fi sọ̀ kalẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Apá kan á ní ilé-iṣẹ́ náà ti di ọ̀lẹ olówó. Apá kejì á ní ẹni tí kò kọ́ ilé rí ló ń bínú sí bíríkìlà.

Àwọn wo ló ń jà?

Walt Disney World, lẹ́bàá ìlú Orlando, ni ọ̀rọ̀ yìí ti gbóná jù. Ọgbà ńlá mẹ́rin ló wà níbẹ̀: Magic Kingdom tí wọ́n ṣí ní 1971, EPCOT ní 1982, èyí tí à ń pè ní Hollywood Studios lónìí ní 1989, àti Animal Kingdom ní 1998. Láti 1998 yẹn, kò sí ìkarùn-ún.

Àwọn olólùfẹ́ tí mò ń wí kì í ṣe àlejò tó lọ lẹ́ẹ̀kan láyé, tó ya fọ́tò níwájú ààfin, tó sì padà sílé. Àwọn yìí ń ra ìwé ìwọlé ọlọ́dún. Wọ́n mọ orúkọ ẹni tó ya àwòrán òkè kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kọ́ ọ. Bí wọ́n bá rí katakata kan lẹ́yìn ọgbà, wọ́n á ti mọ ohun tó wá ṣe. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń jiyàn di òru lórí Sunny Adé àti Ebenezer Obey, tí wọ́n mọ rẹ́kọ́ọ̀dù tó jáde lọ́dún yìí àti èyí tí kò jáde, bẹ́ẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí mọ ọgbà wọn. Ìfẹ́ ló ń mú wọn bínú. Ẹni tí kò bìkítà kì í ka ọjọ́.

Ẹjọ́ àwọn tó ní ó ti pẹ́ jù

Owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń fà yọ. Nígbà tí Magic Kingdom ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, dọ́là 3.50 ni àgbàlagbà ń san wọlé. Ní 2015, owó ìwọlé ọjọ́ kan ti kọjá 100 dọ́là, kò sì tíì sinmi títí di òní. Láti 1999, ọ̀fẹ́ ni àlejò máa ń gba ìwé FastPass tí á jẹ́ kó yẹ ìlà gígùn sílẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ẹni tó bá fẹ́ yẹ ìlà á tọwọ́ bọ àpò. Àròyé wọn ni pé owó ń sáré bí ẹṣin, ohun tuntun ń rìn bí ìgbín, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kan náà ló di ìjánu méjèèjì mú.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á dárúkọ yeti. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2006, Animal Kingdom ṣí Expedition Everest, òkè kan tí ọkọ̀ orí irin ń gbà kọjá. Inú òkè náà ni ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ṣe ní àwòrán yeti, ẹbọra onírun tí ìtàn àwọn ará Himalaya sọ pé ó ń gbé inú yìnyín. Ó ga tó mítà méje, ó sì máa ń nawọ́ sí àwọn tó wà nínú ọkọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìṣílé tí ẹ̀rọ náà fi yarọ. Wọ́n wá gbé iná tí ń ṣẹ́ wàìwàì sí i lójú kó lè jọ pé ó ń mira, ni àwọn olólùfẹ́ bá sọ ọ́ ní Disco Yeti. Joe Rohde, ọ̀gá àwọn tó ṣe ọgbà náà, sọ ní gbangba ní 2013 pé òun á tún un ṣe lọ́jọ́ kan. Rohde fẹ̀yìn tì ní 2021. Yeti wà lójú kan náà.

Wọ́n á tún dárúkọ Mary Poppins. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, níbi àpéjọ tí ilé-iṣẹ́ náà máa ń ṣe fún àwọn olólùfẹ́, wọ́n kéde pé ohun ìṣeré kan lórí Mary Poppins ń bọ̀ ní EPCOT. Dick Van Dyke fúnra rẹ̀, tó ṣe fíìmù náà ní 1964, jáde sórí ìtàgé. Àwọn èèyàn fò dìde, omi bọ́ lójú àwọn mìíràn. Títí di bí mo ti ń kọ èyí, ẹnikẹ́ni kò rí bíríkì kan níbẹ̀.

Ẹ̀rí tí wọ́n gbára lé jù wà ní ojúlé kejì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ Universal kéde ọgbà tuntun kan ní Orlando, Epic Universe. Kòrónà dé, wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní 2020, wọ́n sì padà sẹ́nu rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2021. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, wọ́n ṣí i: odidi ọgbà, ayé márùn-ún nínú rẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò. Láti ìkéde dé ìṣílé, iye àkókò tí Universal fi kọ́ ọgbà kan kò fi oṣù méjì ju èyí tí Disney fi kọ́ TRON nìkan lọ. Ọ̀tá ilé kò lè wá ẹ̀rí tó jùyẹn lọ.

Ẹjọ́ àwọn onísùúrù

Àwọn tó ń gbèjà Disney náà kò wá lọ́wọ́ òfo. Wọ́n á kọ́kọ́ bi yín pé: ṣé ẹ mọ bí ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1955 tí ẹ ń fi yangàn ṣe rí?

Èèyàn bí 15,000 ni wọ́n pè. Nǹkan bí 28,000 ló dé, torí àwọn kan ti tẹ tíkẹ́ẹ̀tì ayédèrú. Oòrùn mú, ọ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sójú títì kò tíì gbẹ dáadáa, gìgísẹ̀ bàtà àwọn obìnrin ń rì sínú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ omi ti daṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú, kò sì sí àyè láti parí gbogbo rẹ̀, Walt ní láti yan ọ̀kan nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi mímu. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló yàn. Àwọn ohun ìṣeré mìíràn bàjẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọdún kan tí ẹ ń kà yẹn, ó láṣìírí.

Universal tí wọ́n ń fi ṣe àwòkọ́ṣe lónìí náà jìyà ìkánjú nígbà tirẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 1990 tí wọ́n ṣí ọgbà àkọ́kọ́ wọn ní Florida, àwọn ohun ìṣeré tó jẹ́ ìgbéraga wọn dákú lójú àlejò. Jaws, tí ẹja àkurákudà ti máa ń dìde sí ọkọ̀ ojú omi, ló burú jù. Wọ́n tì í pa, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tún gbogbo rẹ̀ ṣe látìpìlẹ̀, ọdún 1993 ló tó padà dúró dáadáa. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Àwọn onísùúrù tún ní ọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀. Ilẹ̀ tó ṣófo ni wọ́n kọ́ Epic Universe sí, katakata lè ké tọ̀sán-tòru láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àárín ọjà tó kún ni wọ́n kọ́ TRON sí. Ojú irin ọkọ̀ tó ń yí Magic Kingdom ká gba ojú ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ní láti dá ọkọ̀ náà dúró láti oṣù Kejìlá ọdún 2018 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2022 kí wọ́n lè ri ihò tuntun fún un. Ní Florida pàápàá, omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ Magic Kingdom ń gbà, tí àlejò rò pé abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n wà, fi jẹ́ orí ilẹ̀ gan-an: wọ́n kọ́ wọn tán, wọ́n fi erùpẹ̀ adágún tí wọ́n gbẹ́ bò wọ́n, wọ́n wá tẹ́ ọgbà lé e lórí. Àjà kejì ni àlejò ń rìn. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ihò níbẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ lásán ló ń gbẹ́.

Pípẹ́ kò sì bẹ̀rẹ̀ lánàá. Wọ́n kọ́ ìta Haunted Mansion, ilé àwọn iwin, tán ní Disneyland ní 1963. Àwọn àlejò ń kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n ń wo fèrèsé rẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì. Walt ti kó àwọn oníṣẹ́ ọnà rẹ̀ lọ sí New York fún ìpàtẹ àgbáyé ọdún 1964 sí 1965. Wọ́n padà dé, Walt kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1966. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1969 ni iwin tó gba àlejò wọlé. Ọdún mẹ́fà. Lónìí, ta ló ń ráhùn pé Haunted Mansion pẹ́? Àwọn olólùfẹ́ gan-an ló máa kọ́kọ́ gbé e sáàárín ohun tó dára jù tí Disney ṣe rí.

Ẹni tó ní ó pẹ́ ló tún ń sunkún

Nígbà tí mo gbọ́ ẹjọ́ méjèèjì, mo rò pé mo mọ ibi tí mo máa dúró sí. Àfi ìgbà tí mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Disney ti Splash Mountain pa ní Florida kí wọ́n lè fi Tiana's Bayou Adventure rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn dára, àbí? Ohun tuntun ni wọ́n ń bèèrè. Èèyàn rọ́ lọ dágbére, àwọn kan bu omi inú rẹ̀ sínú ìgò, wọ́n gbé e lọ sí ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ó kan odò Rivers of America àti erékùṣù Tom Sawyer ní Magic Kingdom, tí wọ́n fẹ́ fi àyè wọn kọ́ ilẹ̀ àwọn ọkọ̀ inú fíìmù Cars. Lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, èrò kún etí odò. Àwọn tó ti ń pariwo fún ohun tuntun láti ọdún yìí wá wà lára àwọn tó ń nu ojú.

Mi ò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ọgbà tó ti kún kò lè gba tuntun láìjẹ́ pé ó ta ògbólógbòó nù, odò tí bàbá rẹ gbé ọ gùn lọ́mọdé kì í sì í ṣe omi lásán. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí olólùfẹ́ mọ̀ pé ohùn méjì ni òun ń fọ̀: ẹ tètè ṣe é, ẹ má fọwọ́ kan èyí. Ilé-iṣẹ́ tó bá gbọ́ ohùn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò burú bó bá rọra.

Ibi tí ọdún ń lọ

Kí wá ló ń fa ìbínú? Ẹ jẹ́ ká pín ọdún náà sí wẹ́wẹ́.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2010, Universal ṣí ilẹ̀ Harry Potter ní Orlando, èrò sì wọ́ lọ bí omi. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, Disney kéde pé òun máa kọ́ ilẹ̀ kan lórí fíìmù Avatar sí Animal Kingdom. Oṣù Kìíní ọdún 2014 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oṣù Karùn-ún ọdún 2017 ni wọ́n ṣí i. Nínú bí ọdún mẹ́fà yẹn, ó lé ní ọdún méjì tí kò sí ohunkóhun lórí ilẹ̀ àfi ọ̀rọ̀ ẹnu. Ilẹ̀ Star Wars ńkọ́? Wọ́n kéde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, wọ́n ṣí ti California ní oṣù Karùn-ún àti ti Florida ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019. Ẹni tó bá ka ọjọ́ láti ìgbà tí ọkọ́ kọ́kọ́ wọ ilẹ̀, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ló máa rí. Ìyẹn kì í ṣe àpọ̀jù fún ilẹ̀ ńlá báwọ̀nyí.

Ọwọ́ bíríkìlà kọ́ ló falẹ̀; ẹnu olùkéde ló yá jù. Àpéjọ àwọn olólùfẹ́ tí wọ́n ń pè ní D23 bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn máa ń sanwó wọlé síbẹ̀ láti gbọ́ ohun tuntun, ó sì di dandan kí ilé-iṣẹ́ ní ohun tí á sọ, ì báà ti jinná, ì báà má tíì jinná. Wọ́n pe àlejò síbi iyán nígbà tí iṣu ṣì wà nínú ebè. Bí òjò bá kọ̀ tàbí owó bá wọ́n, bó ṣe wọ́n nígbà Kòrónà, ebi á máa pa àlejò, á sì máa fi orúkọ onílé ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn olólùfẹ́ náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀: àwọn ló ń pàtẹ́wọ́ fún àwòrán lásán ju bí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún ilé tó dúró lọ.

Walt náà polówó ọjà rẹ̀ kó tó dé o. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 1954 ló ti ní ètò lórí tẹlifíṣọ̀n ABC, tó fi ń sọ fún gbogbo Amẹ́ríkà pé Disneyland ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fi iṣẹ́ hàn wọ́n bó ti ń lọ: ibi tí a dé rèé, ohun tó kù rèé. Wọ́n mọ ọdún tí á ṣí, ó sì ṣí.

Ó jọ pé ilé-iṣẹ́ náà ti ń gbọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n ní àwọn máa ná nǹkan bí bílíọ̀nù 60 dọ́là lórí àwọn ọgbà àti ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ wọn láàárín ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí Josh D'Amaro, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ọgbà nígbà náà, gun orí ìtàgé D23 ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ohun tó kọ́kọ́ tẹnu mọ́ ni pé gbogbo ohun tí òun fẹ́ fi hàn ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá ńlá kì í ṣe irú àlàyé bẹ́ẹ̀ fún èèyàn bí kò bá mọ̀ pé wọn ò gba òun gbọ́ mọ́.

Ilé tí wọ́n ṣèlérí fún wa

Àwa aláwọ̀ dúdú ní ẹjọ́ tiwa nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ju TRON lọ.

Ní EPCOT, adágún kan wà tí ilé àwọn orílẹ̀-èdè yí ká. Mẹ́sàn-án ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1982: Mexico, China, Jámánì, Ítálì, Amẹ́ríkà, Japan, Faransé, Ìlú Ọba àti Canada. Nínú ètò ìṣílé tí wọ́n gbé jáde lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún náà, Alex Haley, tó kọ ìwé Roots, jókòó pẹ̀lú Danny Kaye, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ilé Áfíríkà tó ń bọ̀ láìpẹ́. Nínú àwòrán rẹ̀, igi ńlá kan wà tí àlejò á gùn, tí á ti máa wo ibi tí àwọn ẹranko ti ń mumi. Morocco wọlé ní 1984, ọba wọn, Hassan Kejì, rán àwọn oníṣọ̀nà láti ilé wá kọ́ ọ. Norway wọlé ní 1988. Ilé Áfíríkà náà kò wọlé. Animal Kingdom ní abúlé Harambe láti 1998 lóòótọ́, tí wọ́n ṣe ní àwòrán ìlú àwọn Swahili, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹranko ló gbé ìyẹn wá. Wọn ò sì tí ì mú ìlérí ti EPCOT ṣẹ.

Yorùbá ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ẹni tó bá kọ́ ilé lọ́dún mẹ́wàá, tó sì sọ pé ọdún mẹ́wàá ni, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ẹni tó ní ọ̀la, tí ọ̀la dé tí kò sọ̀rọ̀, òun ló jẹ gbèsè. Ìdájọ́ tèmi ni pé àwọn oníkánjú jàre lórí ọ̀rọ̀ ìlérí, àwọn onísùúrù jàre lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, Disney sì lè parí ìjà náà lọ́jọ́ tó bá pinnu pé òun kò ní kéde ohun tí kò tíì gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá lọ sí EPCOT, ẹ wo àárín China àti Jámánì. Wọ́n ń ta ohun mímu níbẹ̀, wọ́n sì ń ta ọjà bíi ti ìlú Áfíríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ dípò ilé tí Alex Haley sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní 1982.